Ilá Màámi ní Ẹ̀yìnkùlé Ìkòsì

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì rò pé gbogbo ohun tó lè já èèyàn láyà ni mo ti rí tán nínú kíláàsì. N kò tíì mọ̀ pé ewé ilá tó lu ihò lè mú kí àgbàlagbà dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀ láàárọ̀, kí ó gbàdúrà kí ó tó lè ṣí i.

Òórùn ló rán mi létí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn aládùúgbò tuntun tó wà lápá ọ̀tún wa dáná igi nítorí gáàsì wọn tán. Òjò wẹliwẹli rọ̀ sí eérú náà ní ìdájí, òórùn rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá: òórùn eérú tútù, tó jọ ti ògiri alámọ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Mo dìde jókòó lórí ibùsùn, mo sì ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà mi. Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó rántí pé kò sí ohunkóhun mọ́ ní ẹ̀yìnkùlé tó yẹ kí n máa bẹ̀rù fún. Àwọn ọmọ mi ti fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ gbogbo ibẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kí mọ́tò wọn lè ríbi dúró sí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so fóònù mọ́ ìgbàdí, tí wọ́n sì ń pariwo sí i bí ẹni tó ń pe ẹni tó wà lódìkejì odò. Ìkòsì kò tíì kún tó báyìí. Àwọn onílẹ̀ ṣì ní ilẹ̀ òfìfo níbi púpọ̀, koríko sì wà láàárín ilé kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n kò sí ilé tí wọ́n kọ́ tí wọn kò da àkúfọ́ búlọ́ọ̀kù àti pàǹtírí rẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀, tiwa náà kò sì yàtọ̀.

Ní àsìkò ọyẹ́ ọdún náà ni Màámi ṣubú lóko. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, òun nìkan ló sì ń gbé ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó láti ìgbà tí bàbá wa ti lọ. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yí ló wà nílẹ̀ láàárín ebè, kí àwọn obìnrin tó ń ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Dókítà sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé òòyì yóò tún máa kọ́ ọ, àti pé ìgbà tó bá ṣubú tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, ó ṣeé ṣe kí a má bá a láàyè. Èmi nìkan ni ọmọ tó kù fún un. Mo lọ gbé e wá sí Ìkòsì.

Ó bá mi wá, ṣùgbọ́n kò gbà láti dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì tó dé, ó jẹun tán, ó sì sọ òfin rẹ̀ kalẹ̀ fún mi gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń sọ òfin kíláàsì lọ́jọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé.

"Ilẹ̀ tí mi ò bá tíì jẹ irè rẹ̀, àlejò ni mí lórí ẹ̀. Àlejò kì í sì í pẹ́. Mo máa gbin ilá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ. Tí mo bá jẹ ilá yẹn kí n tó jẹ iṣu tuntun, á jẹ́ pé ilẹ̀ gbà mí nìyẹn, mo dúró. Tí mi ò bá jẹ ẹ́, o máa mú mi lọ sí gáréèjì Kétu, kí n máa lọ sílé mi."

Báyìí ni àwọn ìyá rẹ̀ ṣe máa ń bi ilẹ̀ léèrè nígbà tí wọ́n bá ṣí kúrò ní ahéré kan lọ sí òmíràn. Wọn a gbin ohun tó ń yá, wọn a jẹ ẹ́, kí wọ́n tó kọ́ ilé gidi. Mo rẹ́rìn-ín. Ilá ni mo gbọ́, mo sì rò pé ohun tó rọrùn ni. Ṣebí ilá ni gbogbo èèyàn ń gbìn?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a jọ jáde sí ẹ̀yìn, ẹ̀rín mi sì tán. Yanrìn tí wọ́n fi kún ilẹ̀ ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì tó ti gan, ìṣó, àti náílọ́ọ̀nù oríṣiríṣi tó dà bíi pé àwọn ni wọ́n gbìn síbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi a dúró níbẹ̀ bí ẹni pé inú àwo ni. Màámi bẹ̀rẹ̀, ó bu ilẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó rún un, ó gbé e súnmọ́ imú, ó sì jẹ́ kí ó ṣàn bọ́ láàárín ìka rẹ̀.

"Kò ní òórùn kankan," ló wí. "Ilẹ̀ yìí ò jẹun rí."

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òórùn ilẹ̀ oko rẹ̀ máa ń bá wa wọlé lálẹ́, nínú irun wa àti nínú aṣọ wa, kò sì sí ọṣẹ tó ń mú un kúrò tán. Ilẹ̀ dúdú ni, tó ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Bó bá ti rẹ ilẹ̀ kan, wọn kì í bá a jà. Wọn a fi í sílẹ̀ fún igbó, wọn a sì lọ ro ibòmíràn. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, Màámi a padà lọ dúró ní etí igbó náà, a wo irú koríko tó hù níbẹ̀, a sì mọ̀ bóyá ó ti sinmi tó. Mo rántí bí ó ṣe máa ń dúró báyìí, tí ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí. Nítorí náà, gbogbo ohun tí èèyàn lè mọ̀ nípa ìsinmi ilẹ̀ ni Màámi mọ̀, ṣùgbọ́n kò bọ́ ilẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ní Ìkòsì, kò sí ibòmíràn tí a lè ṣí lọ.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ṣa àfọ́kù, mo fi asẹ́ yẹ̀pẹ̀ sẹ́ yanrìn, mo na okùn láti èèkàn dé èèkàn kí ebè lè tọ́. Màámi jókòó lórí àpótí, ó ń wò mí.

"Tíṣà," ni ó pè mí, nítorí orúkọ tó fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́. "Ṣé ilá náà máa to ìlà kọrin ni?"

Ẹni tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni Alhaja, aládùúgbò wa tó ń ta tòmátì ní Mile 12. Ará Ọ̀yọ́ ni, inú rẹ̀ dára, ohùn rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí a fi máa ń mọ iye tí ó ta ọjà kí ó tó wọ ilé. Nígbà tó gbọ́ pé ilẹ̀ wa kò lọ́ràá, ó ní kí wọ́n gbé agbọ̀n tòmátì jíjẹrà wá fún wa. Lẹ́yìn náà ó tún bá ẹnì kan tó ń sin adìyẹ ní ìhà Ìṣerí sọ̀rọ̀, ìgbẹ́ adìyẹ sì dé nínú àpò, ó ṣì ń mú èéfín jáde lẹ́nu.

Mo sọ pé ó yẹ kí ajílẹ̀ náà tutù ná. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú sùúrù.

"Ọmọ tí ebi ti ń pa láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i," ni Màámi dáhùn, "ìwọ wá ní kó dúró kí oúnjẹ tutù?"

"Ẹ gbà wọ́n láyè, Mummy," ni Alhaja wí fún mi. "Ọkọ́ ti wà lọ́wọ́ Màmá kí wọ́n tó bí wa."

Bí wọ́n ṣe da gbogbo rẹ̀ sí ilẹ̀ nìyẹn, tàbí kí n sọ pé wọ́n da ìdajì, nítorí nígbà tí àwọn tó ń kọjá lójú títì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró láti wo àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà wọn bóyá ìgbẹ́ ni wọ́n tẹ̀, ojú tì wá, a sì kó ìyókù jọ sí igun ọgbà pẹ̀lú àwọn tòmátì jíjẹrà náà, a sì ń gbá ewé àti yanrìn bò ó lórí.

Irúgbìn ilá tí Màámi mú wá láti ilé kò pọ̀. Ilá kúkúrú onígun ni, irú èyí tí kò sí lọ́jà. Ó gbin ìdajì. Ó hù láìpẹ́, inú wa sì dùn. Lẹ́yìn náà etí àwọn ewé náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, wọ́n gbẹ wọ inú, bí ẹni pé wọ́n fi áyọ́ọ̀nù jó wọn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, gbogbo rẹ̀ ti dùbúlẹ̀.

Màámi kò sunkún, kò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Ó wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé, ó sì bi mí bóyá òwúrọ̀ ni mọ́tò Ìjẹ̀bú-Igbó ṣì máa ń gbéra ní Kétu.

Ìbéèrè yẹn ló gba oorun lójú mi. Mo mọ ohun tí ó ń dúró dè é ní abúlé: ilé tó ṣófo, oko tó jìn, ilẹ̀ tó ń yọ̀, àti òòyì. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé di ìgbà iṣu tuntun, iṣu tuntun kò sì tíì jáde. Ó ronú sí i, ó sì gbà, nítorí kì í yẹ àdéhùn, kódà èyí tó bá ara rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n kò lọ sí ẹ̀yìn mọ́. Iwájú ilé ló ń jókòó sí, ó ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Kétu, ó sì dà bíi pé ó ń wo èyí tí yóò wọ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gba ẹ̀yìn lọ láti tu itọ́ pákò, mo sì gbọ́ igbe.

"Tíṣà! Tíṣà, máa bọ̀!"

Mo sáré jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, mo ti rò pé ó ti ṣubú. Ó dúró ní igun ọgbà, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí. Lórí òkìtì tí a ti gbàgbé yẹn, tòmátì ti hù jáde fúnra rẹ̀, tètè náà ti hù láàárín wọn, ewé wọn gbòòrò, wọ́n sì dúdú bí èyí tí wọ́n fi epo pa. Màámi ki ọwọ́ bọ inú òkìtì náà dé ọrùn ọwọ́. Ó fà á jáde, ó sì nà án sí mi nímú. Kò rùn bí ìgbẹ́ mọ́. Òórùn tó máa ń wà nínú irun wa nígbà tí a wà lọ́mọdé ni mo gbọ́.

"Ó ti sinmi," ló wí jẹ́jẹ́. "Ilẹ̀ tó bá sinmi tán, fúnra ẹ̀ ló máa ń sọ."

N kò sọ pé, "Ṣebí mo wí bẹ́ẹ̀." Kì í ṣe gbogbo ìdáhùn tó tọ̀nà la gbọ́dọ̀ fi bírò pupa sàmì sí. A tú òkìtì náà ká, a pò ó mọ́ yanrìn, a fi ewé gbígbẹ bò ó, a sì jẹ́ kí òjò méjì rọ̀ sí i. Nígbà náà ló gbin irúgbìn tó kù. Ó gbin gbogbo rẹ̀. Kò sí òmíràn mọ́.

Ẹ lè rò pé ìgbà náà ni ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà náà ni ìbẹ̀rù gidi bẹ̀rẹ̀. Ìrẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n ń gé ọ̀dọ́ ilá ní ìdí, wọ́n á sì fi orí rẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ láìjẹ, bíi pé wọ́n kàn fẹ́ kí a mọ̀ pé àwọn wá. Lẹ́yìn ìrẹ̀, tata dé. Lẹ́yìn tata, àwọn kòkòrò dúdú wínníwínní kan dé tí wọ́n ń fò bí eegbọn tí èèyàn bá sún mọ́ wọn, wọ́n sì ń lu ewé náà títí yóò fi dà bí asẹ́. Eérú ni Màámi ní kí a fi lé wọn. Lọ́dọ̀ ìyá alákàrà tó ń fi igi dáná ní ìkóríta ni mo ti ń gba eérú. Mo fi ìṣó lu ìdí agolo mílíìkì, mo sì ń gbọn ọ́n sórí ewé ní ìdájí kí ìrì tó gbẹ, nítorí ìrì ló ń jẹ́ kí eérú lẹ̀ mọ́ ọn. Bí òjò bá fọ̀ ọ́ dànù, n ó tún bẹ̀rẹ̀. A tún ń gún ewé dóńgóyárò, a ń pò ó mọ́ omi ọṣẹ, a sì ń fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn.

Bí mo bá wà ní ilé ìjọsìn, ilá ni mò ń rò. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, oníwàásù ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa eṣú tó jẹ gbogbo ewé ilẹ̀ run, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kí n máa lọ sílé.

Òwúrọ̀ kan, mo gbé eérú jáde, mo sì bá Màámi ní ìjókòó lórí ilẹ̀ tútù láàárín ebè, ẹsẹ̀ rẹ̀ na síwájú, ọwọ́ rẹ̀ kan di igi ilá mú láì fà á tu.

"Mo kàn jókòó ni," ló wí kí n tó bi í.

Ṣùgbọ́n òòyì ti kọ́ ọ, òógùn sì bò ó lójú. Mo gbé e dìde. Mo gbé e lọ sínú ilé, kò wúwo ju ọmọ tó ń lọ sí kíláàsì kẹta lọ, mo sì jókòó tì í títí mímí rẹ̀ fi rọlẹ̀. Mo ń rò ó pé ká ní abúlé ni, ta ni ì bá jáde pẹ̀lú agolo eérú ní àkókò yẹn? Láti ọjọ́ náà, n kò lè wo ihò kan lórí ewé ilá kí n má rí i nínú ihò náà, lórí ilẹ̀, òun nìkan.

Ilá náà ga, ó yọ ìtànná. Ìgbà náà ni òmíràn tún dé. Kòkòrò kéékèèké tó dà bí iná adìyẹ bo abẹ́ ewé àti ìdí ìtànná, àwọn èèrà ń lọ ń bọ̀ láàárín wọn bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn, ìtànná sì ń já bọ́ kó tó so. Alhaja wá wò ó, ó pòṣé, ó lọ sílé, ó sì mú ìgò kékeré kan dé.

"Òtapíàpíà nìyí, Mummy. Ẹ wọ́n ọn sí i lẹ́ẹ̀kan. Kò ní ku ẹyọ kan."

"Alhaja, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ ilá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò sì ní pẹ́ tó máa jẹ ẹ́. Ohun tó pa eku kì í ṣe ohun tí à ń fi sẹ́bẹ̀."

Ó ronú díẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ títí dé ibi tí ohùn rẹ̀ lè rẹlẹ̀ dé.

"Ṣé ẹ gbọ́? Ilá kún Mile 12. Mo lè mú ẹ̀kún agbọ̀n wá lọ́la. Ẹ so mẹ́ta mẹ́rin mọ́ ọn níbẹ̀, ẹ já a níṣojú wọn. Ilá ni ilá ń jẹ́. Màmá ò ní mọ̀."

"Alhaja!" Ohùn Màámi ni, láti ojú fèrèsé tó wà lókè orí wa. "Màmá gbọ́ o! Ẹ bá mi kí àwọn tó ń so ilá mọ́gi ní Ọ̀yọ́!"

Alhaja di ẹnu mú, ó sì sá lọ sílé. Èmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, n kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà yí padà di ẹkún.

Lọ́jọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn èyí, Alhaja fẹ́ bẹ Màámi nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó gbé nǹkan sí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, eruku pupa ṣì wà lára rẹ̀.

"Màmá, tèmi lẹ máa kọ́kọ́ jẹ! Tìrélà àkọ́kọ́ wọ Mile 12 láàárọ̀ yìí. Iṣu tuntun!"

Kò mọ̀ pé iṣu tuntun wà nínú àdéhùn wa. Mo dì mọ́ ẹ̀yìn àga. Ní ẹ̀yìnkùlé, lórí igi ilá, àwọn tó ti so kò tíì tó ìka ọwọ́ ọmọ ọwọ́.

Màámi gba iṣu náà. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún Alhaja àti fún ọjà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nà án sí mi.

"Gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, níbi tí atẹ́gùn wà."

"Ṣé kí n sè é lálẹ́, Màámi?"

"Rárá. Gààrí ni mo fẹ́. Iṣu ń yún mi lẹ́nu."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti òní."

Kò wò mí lójú. Ó mú àpótí rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn jáde lọ. Mo dúró sójú kan náà pẹ̀lú iṣu lọ́wọ́, ó sì wá yé mi pé kì í ṣe èmi nìkan ni àyà mi ti ń já ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn. Màámi náà ń bẹ̀rù pé ilẹ̀ lè kọ òun. Ó fẹ́ dúró. Kò kàn fẹ́ dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a gbé wá.

Láti ọjọ́ kejì, a jọ ń jáde ni. Òun jókòó lórí àpótí ní ìhà kan, èmi kúnlẹ̀ ní ìhà kejì, abọ́ omi ọṣẹ wà láàárín wa. A fi àkísà rírọ̀ nu abẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan, a nu ìdí ìtànná kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń nu ẹ̀yìn etí ọmọ tuntun. A ń ṣe é lójoojúmọ́, Alhaja náà sì ń bá wa ṣe é bí ó bá tètè dé láti ọjà, ó ń bú àwọn èèrà náà ní ìran dé ìran. Gààrí ni Màámi ń jẹ, tàbí búrẹ́dì, tàbí ẹ̀wà. Gbogbo ilé ń jẹ iṣu tuntun. Òun ní ó ń yún òun lẹ́nu.

Ìyókù kò gùn. Ilá náà so. Kò pọ̀, gbogbo rẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́ méjì, àwọn kan wọ́ díẹ̀ níbi tí kòkòrò ti tọ́ ọ wò. Màámi já a fúnra rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ó lù ú nínú ìkòkò títí ó fi fà. Èmi gúnyán, iyán iṣu tuntun. Alhaja jókòó lórí ẹní pẹ̀lú wa, kò sì sọ̀rọ̀ rárá, èyí tí n kò rí i kí ó ṣe ṣáájú ọjọ́ náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Màámi kọ́kọ́ fi ìka tọ́ ilá náà wò, kí ó tó bu òkèlè. Ó fi gbá ọbẹ̀. Ó gbé e mì. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró níwájú àwọn olùyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́, kò sí èyí tí mo dúró dè báyìí rí.

"Kò yọ̀ tó ti ilé," ló wí nígbẹ̀yìn. Ó bu òkèlè mìíràn. "Ilẹ̀ yìí á kọ́ ọ."

Màámi bá wa gbé fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Òòyì kọ́ ọ ju ìgbà kan lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí kò sí ọwọ́ nítòsí. Lórí ibùsùn rẹ̀ ló ti lọ, ní alẹ́ pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn tó ti bá Alhaja ṣàríyànjiyàn lórí tòmátì. Ìkòsì ti yí padà lójú mi. Ilẹ̀ òfìfo kò sí mọ́, ilé ti fara ti ilé, Alhaja ti kọ́ ilé tirẹ̀ sí Ìṣerí Olówórà, níbi tí ilẹ̀ náà ti ń di ọ̀wọ́n báyìí. Bí òjò bá rọ̀, omi kò ríbi wọlẹ̀ mọ́ ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ó ń ṣàn kọjá lọ bí ẹni tí kò mọ̀ wá. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan kò yí padà. Ajílẹ̀ tí kò tutù ṣì ń jó irúgbìn. Kòkòrò ṣì ń tètè jí ju èèyàn lọ. Kò sì sí arúgbó tó fẹ́ jẹ́ àlejò nílé ọmọ rẹ̀, bó ti wù kí ibùsùn tí ẹ tẹ́ fún un rọ̀ tó.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́gbọ́n níbẹ̀. Bí ilẹ̀ tí ẹ ní bá kéré tó sì le, ẹ má fi ìkánjú bọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ rẹ̀ tutù, kí ẹ sì máa wo abẹ́ ewé lójoojúmọ́, nítorí ohun tó ń pa ilá kì í dúró sójú ewé. Bí ẹ bá sì gbé òbí yín kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ yín, ẹ má kàn bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ fún un ní ibi tí yóò gbin nǹkan sí, ìbáà ṣe inú garawa tó ti bẹ́. Kí ẹ sì kúnlẹ̀ sí ìhà kejì.